Ọ̀nà Àbùjá Tí Mo Gbà Dán Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa ka ìtàn ẹlẹ́ṣẹ̀ kẹ́ ẹ lè dúpẹ́ pé kì í ṣe yín, ẹ fìdí jókòó dáadáa, tèmi ti dé. Mi ò jalè, mi ò sì bá ọkọ ọlọ́kọ ṣeré. Ọkọ̀ ni mo dán. Àmọ́ ọ̀nà tí mo gbà dán an ni kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè lọ́sàn-án gangan, níwájú èèyàn mẹ́ta.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ dídán. Ṣọ́ọ̀bù wa kò ju ilé páànù kan tó gba ọkọ̀ méjì lọ, pẹ̀lú iná gbọọrọ mẹ́rin lára ògiri àti pẹpẹ kan tí a to gbogbo ike ìpara wa sí. Àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, èmi ni wọ́n ń pè ní Kíákíá. Orúkọ méjèèjì bá wa mu gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ dúdú sínú oòrùn, tẹ́ ẹ rí àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó ń yí po lára ẹ̀ bí òwú alántakùn, àkísà oníyanrìn tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ló fà á. Kọ́ńpáàǹdì ló ń mú ilà bẹ́ẹ̀ kúrò, torí ó le, ó sì ń họ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Pọ́líìṣì rọ̀ jù ú lọ, òun ló ń jẹ́ kí ara ọkọ̀ dán. Oríṣiríṣi ló sì wà nínú méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá mú èyí tó le jù, ẹ ó jẹ ọ̀dà tán. Bẹ́ ẹ bá mú èyí tó rọ̀ jù, ilà á kàn máa fi yín ṣẹ̀sín ni.

Ọkọ mi kì í kánjú mú ọ̀kankan. Èyí tó rọ̀ jù ló máa kọ́kọ́ mú, á fi pa ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù, á nù ún, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń ka ìwé ogún. Bí kò bá mú un, á bọ́ sórí èyí tó le díẹ̀ sí i. Ó tún máa ń fi èékánná wọ́ orí ilà.

"Bí èékánná bá ti há sínú ẹ̀, ó ti jìn nìyẹn," ló máa ń wí. "Fi sílẹ̀. Ọ̀dà mìíràn ò sí lábẹ́."

Ó lè fi wákàtí kan gbáko yan ìpara. Èmi á ti máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ dán ọkọ̀ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," lá fi dá mi lóhùn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ wa, ìpara kan wà tí kì í họ nǹkan kan. Òróró àti ẹ̀bu ló wà nínú ẹ̀. Á wọ inú ilà lọ, á dí i, ojú ò ní rí ilà mọ́, ọkọ̀ á sì máa dán bí omi. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ tó múná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìpara á ṣàn lọ, ilà á sì yọjú padà. Bòmíláṣìírí ni àwa fúnra wa sọ ọ́. Ẹnì kan tó ń ta ìpara kiri ló fi ta wá lọ́rẹ. Ọkọ mi ní a kì í ju ọrẹ nù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ oníbàárà láéláé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí Màmá Agbẹ̀bí tó gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Àwọn ọmọ tó ti gbà lọ́wọ́ ìyá wọn kún àdúgbò, àwọn kan nínú wọn ti ní ọmọ ọmọ. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ sọ yàrá ìgbẹ̀bí tuntun ní ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ dúdú ẹ̀ dán lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé e wá, ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gbà á.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà ni wọ́n pe ọkọ mi pé ìyá ẹ̀ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ rọ́. Ó di ẹrù ẹ̀ wéréwéré.

"Sọ fún Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Bí wọn ò bá lè dúró, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọ̀ jù. Má kánjú o."

"Ṣé ẹ rò pé mi ò lè ṣe é ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ojú ẹ̀ ló sọ ọ́. Ó sì ní ìdí. Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń fọ ọkọ̀, èmi ni mo ń nù ún, èmi ni mo ń fi ìpara wáàsì pa á nígbẹ̀yìn. Òun ló ń di ẹ̀rọ tí a fi ń yí ìpara mọ́ ara ọkọ̀ mú, òun ló ń lo kọ́ńpáàǹdì. Mi ò tíì dá ọkọ̀ kan ṣe látòkè délẹ̀ rí.

Mi ò pe Màmá rárá. Mo fẹ́ kí ọkọ mi dé kó bá iṣẹ́ nílẹ̀, kó lanu, kó má lè pa á dé.

Lọ́jọ́rú, mo ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi pọ́líìṣì tó rọ̀ jù pa á, ilà ò mira. Mo bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ó mú ìdajì. Mo wá gbé kọ́ńpáàǹdì, mo rọra ń yí ẹ̀rọ lọ yí i bọ̀, mo ń nù ún, mo ń wò ó. Nígbà tí ìlẹ̀kùn yẹn máa fi mọ́, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Apá mi méjèèjì ń gbọ̀n. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo! Mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀, búùtù náà ń wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo gbójú lé pẹpẹ. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ojú mi lọ.

Mo ní sí ara mi pé, "Ìlẹ̀kùn kan kúkú ti wà tó mọ́ ní tòótọ́." Mo tún ní, "Tí ayẹyẹ Màmá bá kọjá, màá pè wọ́n, màá wá ṣe ìyókù dáadáa." Bí èèyàn bá ti ń bá ara ẹ̀ dúnàádúrà báyìí, ẹ mọ̀ pé ó ti rajà tán. Mo nà, mo mú Bòmíláṣìírí.

Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Gbogbo òwú alántakùn pòórá. Mo rí ojú mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rẹwà níbẹ̀ ju bí mo ṣe ń rí nínú dígí ilé wa lọ.

Nígbà tí Màmá dé lọ́jọ́ Ẹtì, igbe ló fi ta.

"Ọkọ̀ mi rèé? Ọkọ ẹ ló ṣe é?"

"Wọ́n rìnrìn àjò, mà. Èmi ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, mà."

"Obìnrin bí ọkùnrin!" Ó dì mọ́ mi, ó ń gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé èmi ni mo bímọ.

Ọkọ mi kò tíì délé tó ti gbọ́. Màmá ti pè é lórí fóònù. Bó ṣe wọlé, kò tiẹ̀ tíì gbé báàgì sílẹ̀.

"Kí lo lò?"

"Kọ́ńpáàǹdì ni, mo wá fi pọ́líìṣì tẹ̀ lé e."

"Gbogbo ọkọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Irọ́ gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé o ti dé bẹ̀." Ó pe ìyá ẹ̀, ó sọ fún un. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sọ fún un. Ó dá oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún un. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mìíràn lórí ìyẹn: ó dùn mọ́ mi. Orí mi wú. Àmọ́ bó bá ti di àsìkò àtisùn, ara mi ò ní lélẹ̀ mọ́.

Bí òjò bá ṣú báyìí, àyà mi á já. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo sọ fún Màmá pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ kan ọkọ̀ yẹn, kó máa gbé e wá, màá máa bá a fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti gbé e wá, màá fọ̀ ọ́, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, màá tún yọ́ fi Bòmíláṣìírí pa á. Lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin èèyàn! Mo ti sọ ara mi di ẹrú ọkọ̀ kan.

"Kí ló dé tó o fi ń fọ ọkọ̀ Màmá lọ́fẹ̀ẹ́?" ọkọ mi bi mí.

"Àgbà ni mo ń tọ́jú."

"O ṣeun," ló wí. Ó tún lọ sọ ìyẹn náà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àṣírí tú. Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Onímọ́tò Ìyàwó, torí ọkọ̀ dúdú mẹ́jọ ló ní tó fi ń háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Màmá ti ròyìn mi fún un títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ dé nínú ọkọ̀ Màmá. Bí ọkùnrin yìí bá gbà, ọkọ̀ mẹ́jọ á máa wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù. A ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin náà yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi awò ojú ẹ̀ sísàlẹ̀ imú.

"Ó dán," ló wí. "Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi irú èyí tàn mí jẹ. Wọ́n á fi nǹkan kùn ún, á máa dán yinrin. Ọ̀sẹ̀ méjì, ilà ti jáde padà."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Irú wọn pọ̀, sà. Ìyàwó tèmi kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n mú sípíríìtì wá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, sípíríìtì kì í gbà fún òróró. Ibi tó bá ti kàn, gbogbo ohun tí wọ́n fi kùn ún á kúrò, ara ọkọ̀ á wà bí wọ́n ṣe bí i.

"Dádì!" mo pè é.

"Kí ni?"

"Oòrùn yìí ti pọ̀ jù."

"Oòrùn gan-an la nílò."

"Ẹ ò tíì mu omi látàárọ̀."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Sípíríìtì yẹn... mo rò pé ó ti bàjẹ́."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí mi.

"Ṣé sípíríìtì náà máa ń bàjẹ́?" Onímọ́tò Ìyàwó béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́ ni.

Ọkọ mi da sípíríìtì sórí aṣọ múlọ́múlọ́, ó sì nu àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Òwú alántakùn yọjú. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó rò pé aṣọ ló dọ̀tí, ó mú òmíràn, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí ilà wà tún fẹ̀ sí i.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ mi?" Màmá béèrè.

Onímọ́tò Ìyàwó ká apá gbera. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?"

Ọkọ mi gbé aṣọ náà símú. Ó wo pẹpẹ. Ó wá wò mí. Mo rí i pé ó ti yé e. Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi, mo tiẹ̀ ti ń ṣètò bí mo ṣe máa sunkún.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ?" Màmá ní. "Ṣé o ò rìnrìn àjò ni?"

"Mo... mo ti kùn ún kí n tó lọ, mà. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ẹ̀bi tèmi ni."

Ọkọ tí mò ń sọ yìí, bí oníṣòwò bá fún un ní ṣéńjì tó lé, á fẹsẹ̀ rìn padà lọ fún un. Kò mọ irọ́ pa rárá. Ohùn ẹ̀ ń já, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi nígbà yẹn. Kò sí ohun tó kù kí n ṣe ju kí n dákẹ́. Ẹ dárí jì mí, mo dákẹ́. Ó tó kí ẹnì kan ka ení dé ẹ̀wá.

Onímọ́tò Ìyàwó wá wo ọkọ mi látòkè délẹ̀, ó ní, "Àgbàlagbà bíi tìẹ. Oníjìbìtì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná lára mi bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé mi lórí. Wọ́n pe ọkọ mi ní oníjìbìtì, ó sì tẹrí gbà á nítorí mi!

"Irọ́ ló ń pa!" mo kígbe. "Ẹ má dá a lóhùn! Òun kọ́, èmi ni!"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́bọ̀, mo sọ ti ọkọ̀ tí mò ń fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sọ bí mo ṣe ń wo ojú òjò. Mo ní, "Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì nìkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ."

Ọkọ mi yí lọ sápá òsì, ó da sípíríìtì sórí aṣọ, ó nu ìlẹ̀kùn yẹn látòkè délẹ̀. Nǹkan kan ò yọjú. Ó tún un nù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe máa ń ṣe.

"Kí lo lò síbí?" Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀.

Mo sọ fún un bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ léra, èyí tí kò mú un, èyí tó mú ìdajì, èyí tó parí ẹ̀. "Odindi ọjọ́ kan ni," mo fi kún un, omijé ti ń bọ́.

Onímọ́tò Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fi èékánná kan ìlẹ̀kùn, ó wò ó títí.

"Mi ò ní fún yín ní ọkọ̀ mẹ́jọ o," ló wí. "Ẹyọ kan ni mo máa gbé wá. Obìnrin yìí ló máa ṣe é, kó lo oṣù kan bó bá fẹ́. Àmọ́ màá gbé sípíríìtì tèmi wá látilé."

Màmá ti jókòó sórí àpótí mi nígbà yẹn, ẹ̀rín ló ń pa á, ó di ìhà mú. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ pé oṣù kan! Áà, mo gbé ayédèrú ọkọ̀ lọ síwájú gbogbo dókítà!" Ó nu ojú ẹ̀. "Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n o máa tún un ṣe, látimú dé ìdí, mo sì máa jókòó tì ẹ́ ni."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ku èmi àti ọkọ mi. Ó ń ká aṣọ múlọ́múlọ́ tí kò nílò kíká.

"Ẹ̀ ń bínú sí mi," mo ní.

"Mo bínú gan-an."

"Mo ti sọ yín di onírọ́."

"Ìyẹn ló dùn mí jù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pa." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé o ò lè parí ẹ̀?"

"Ẹ ti ń fi mí yangàn. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró."

Ó yíjú sí mi. "O rò pé ìgbà ọkọ̀ Màmá ni mo bẹ̀rẹ̀? Lọ bi ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì títì."

Èmi Kíákíá, mi ò lè dúró. Mo sọdá títì. Ọkùnrin náà ń fi omi wá ibi tó jò lára táyà kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi... ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ mi fún yín?"

Kò gbójú sókè. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́," ló wí, "ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí etí mi sinmi. Ọdún mẹ́sàn-án ti tó."